Ọwọ́ Tí Mo Gbé Lé Bàbá Láyà

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bouaké ní Côte d'Ivoire níbí. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́? Àwọn ọlọ́tẹ̀ ṣì wà lójú títì níbí, ṣùgbọ́n iṣu tí wọ́n ń kó wá láti abúlé Diabo ti dé ọjà, a ń jẹun.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá yín ṣe àlùwàlá tán, wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì tutù kan wáyà fáànù tó ti bó, iná gbé wọn, ni wọ́n bá ṣubú. Wọn ò mí mọ́! Mo sáré pa iná. Èmi ìyàwó tí kì í wo Bàbá lójú, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé wọn láyà, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí àwọn Croix-Rouge, ẹgbẹ́ alágbèélébùú pupa tó ń ṣètọ́jú aláìsàn, ṣe kọ́ wa lọ́jà.

Ọkọ mi pariwo: “Sèlíátù, o máa ṣẹ́ wọn légungun!”

Mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń ka iye ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá mí!

Ní báyìí, Bàbá fúnra wọn ló ń lé gbogbo ìyàwó ilé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà.

Ọlọ́run á bá wa dá Màámi sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni tó máa kọ́ ẹ̀yin náà. Ọwọ́ mi ò gùn dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Èmi ni Sèlíátù, ìyàwó yín.