Àbúrò Mi Ni, Ìyàwó Wa Ni

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹsàn-án 2024

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá Nafeesah lórí àtẹ̀gùn búlọ́ọ̀kù wa. Ìyàwó àbúrò mi. Ìyàwó wa. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọ wọn, ti sùn lé e lẹ́sẹ̀ — bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ náà wọ̀. Nafeesah fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọwọ́ òsì mọ́ra. Ó wú, ó ti ń dúdú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò mọ ibòmíì tí mo lè lọ."

Mi ò béèrè ẹni tó ṣe é. Babáwálé, àbúrò mi, ni. Ọba — bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń pè é láti kékeré, torí òun nìkan ni ọkùnrin tó bí. Èmi náà bá wọn pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á: Nafeesah lọ ra ọjà ní Aswani, kò sọ fún un kó tó jáde. Aṣọ ọmọdé tó ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Ajé, 9

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé pé mi ò ní lè wá kọ́ àwọn ọmọ lónìí. Ọsibítù. Eegun ọwọ́ ti kán. Dókítà ní kí n bọ́ síta, ó bá Nafeesah nìkan sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo máa wọlé padà, ó ti pe àjọ ìjọba tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n bá ń lù nílé. Ìyáàfin Adéyẹyè ni wọ́n rán sí wa — obìnrin kúkúrú, ohùn rẹ̀ ò ga rárá.

Òun ló mú wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà — mo ti sọ ọ́ ní Oníkùn — ní, "Màdáámú, ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyí. Ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé." Ìyáàfin Adéyẹyè ò pariwo. Ó gbé ìwé dókítà síwájú rẹ̀. "Ọ̀gá, eegun tó kán kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Àbí kí n pe ọ̀gá yín?" Oníkùn fa bíírò yọ. Ó kọ gbogbo ẹ̀.

Wọ́n bi mí bóyá màá jẹ́rìí sí bí mo ṣe bá a. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Fóònù. Ọba. Fóònù. Ọba. Mi ò gbé e.

Ọjọ́rú, 11

Mo gbé e. Ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ èṣù ni." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a sunkún. Mo sọ fún un pé eegun ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti kán. Ẹkún dá wáí. Ó ní, "Ṣé ó sọ ohun tó ṣe fún yín?" Ohùn mìíràn pátápátá.

Mo pa fóònù. Mo gbá ilé. Mo tún un gbá.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Kóòtù ti pàṣẹ: Ọba ò gbọdọ̀ sún mọ́ Nafeesah àti ọmọ, kò gbọdọ̀ dé ilé mi níbí ní Jakande, kò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ní Àgọ́ Palace. Ìyáàfin Adéyẹyè pín ẹ̀dà àṣẹ náà — ilé ìwé ọmọ, àwọn ọlọ́dẹ géètì, alága ẹ́sítéètì. Nírọ̀lẹ́, alága kó gbogbo búlọ́ọ̀kù jọ sísàlẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ ariwo, kó kan ilẹ̀kùn, kó pe ọlọ́pàá, kó má wojú ẹnikẹ́ni.

Ojú tì mí. Gbogbo wọn ló mọ Ọba, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ṣe Kérésì.

Ìyá Shalom tó ń gbé nísàlẹ̀ wa dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn. Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ sí i ni. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, mo máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Màmá ti Ìlaròó dé, láìsọ tẹ́lẹ̀. Nafeesah kúnlẹ̀ kí i, Màmá dáhùn lábẹ́ imú. Ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó kọjú sí mi. "Tinúadé, ṣé inú kan náà kọ́ ló bí ìwọ àti ẹ̀? Ẹ fẹ́ ti ọmọ mi mọ́lé." Ó ní kí n lọ sọ fún kóòtù pé mi ò jẹ́rìí mọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí." Kò wò ó.

Yàrá méjì. Nafeesah ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò síbi téèyàn fẹ́ sá sí.

Ọjọ́rú, 18

Màmá wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń bá Ọba sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó rò pé mi ò gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ló wá bi Nafeesah: "Kí lo ṣe fún un gan-an?" "Màmá, mo lọ ra aṣọ ọmọdé ni." Màmá ń wò ó. Ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Mo wà ní kíláàsì nígbà tí Ìyá Shalom pè. Mo sáré. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń rá pálá, mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí n fẹsẹ̀ sáré.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Ọba ti sọ fún Màmá pé òun kàn fẹ́ fojú kan ọmọ ni. Ó gba ẹ̀yìn wọlé, níbi tí ògiri ti wó, káwọn ọlọ́dẹ má baà rí i. Màmá ló ṣílẹ̀kùn. Ọba ò wo ọmọ rárá. "Ibo ló wà?" Nafeesah ti sá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀kùn nípàá. Màmá di aṣọ rẹ̀ mú. Ó tì í. Màmá ṣubú lu àga.

Ìyá Shalom ti ń kígbe. Búlọ́ọ̀kù tú jáde — alága, àwọn ọlọ́dẹ, ọkùnrin òkè tí kì í kí èèyàn. Wọn ò lù ú. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà títí ọlọ́pàá fi dé. Oníkùn fúnra rẹ̀ ló fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Mo bá Màmá nílẹ̀, gèlè rẹ̀ ti tú. "Ó tì mí, Tinúadé. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Màmá wẹ̀ fún Nafeesah lónìí, torí POP tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ tó kán. Mo ń gbọ́ tí omi ń dà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Kóòtù. Mo sọ tèmi. Agbẹjọ́rò àjọ ní kí adájọ́ gbọ́ ti Màmá náà. Ó di igi àpótí ẹlẹ́rìí mú. "Èmi ni mo bí i. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí." Ọba tẹjú mọ́lẹ̀.

Wọ́n gba onídùúró rẹ̀, ṣùgbọ́n: kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa ní Ìkòròdú. Kó máa wá síbi ẹ̀kọ́ tí àjọ ń ṣe fún àwọn tó ń lu aya, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Bó bá pa á jẹ, àtìmọ́lé. Kí ẹnìkan nínú ẹbí máa wà níbẹ̀, kó máa sọ fún Ìyáàfin Adéyẹyè bóyá ó wá. Adájọ́ béèrè ta ni. Gbogbo ẹbí ń wolẹ̀.

Mo nawọ́.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ó wá. Kò kí mi.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Ó wá. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó ní, "Ẹ ń ṣọ́ mi bí olè." Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́: "Ṣé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń béèrè mi?" Mo ní ó ń béèrè. Òótọ́ ni. Mi ò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́rú, 9

Ọba pè. Iṣẹ́ ká a mọ́, kò ní lè wá lọ́la. "Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé mo wá. Ẹnu yín ni wọ́n ń gbọ́. Mo ti yí padà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà rí i."

Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mò ń rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnì, láti kíṣìnì dé pálọ̀. Màmá ní kí n jókòó, òòyì ń kọ́ òun.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àga rẹ̀ ṣófo. Mò ń bá ara mi sọ ọ́: ẹ̀ẹ̀kan péré. Iṣẹ́ ló lọ. Kò lu ẹnikẹ́ni.

Fóònù dún. Nafeesah. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Àǹtí, mọ́tò rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù. Ó wà nínú ẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn ń wò mí." Mo ní kó tilẹ̀kùn, kó pe ọlọ́pàá, kó má jáde.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, Ìyáàfin Adéyẹyè ti dúró tì mí. "Ṣé ó wá?"

Mo ní, "Kò wá, mà. Mo mọ ibi tó wà."

Wọ́n mú un níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nafeesah ní orúkọ mi ló ń pariwo, kì í ṣe orúkọ òun.

Mo délé. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti gbọ́. Kò bú mi. Ó béèrè bóyá Ọba ti jẹun.

Mi ò mọ̀.