Tabitha Ọdẹ́yalé Ni Mo Ń Jẹ́: Ìgbésí Ayé Màmá Wa, 1951–2025

Ìlaròó ni a ti bí Màmá wa, Ìyáàfin Tabitha Fọlákẹ́ Tàlàbí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1951. Bàbá wọn ni Josiah Ọdẹ́yalé, bíríkìlà àti katikíìsì. Ìyá wọn ni Àdùkẹ́, tó ń ta kẹrosíìnì. Ọmọ márùn-ún ni Àdùkẹ́ bí. Màmá nìkan ló yè.

Màmá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì lo ọdún mẹ́ta ní Modern School. Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ òṣèré Gbóyèga Ṣódìmú fi ọjọ́ mẹ́ta ṣeré ní Ìlaròó. Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá bá wọn lọ. Katikíìsì kò dá wọn lẹ́kun, kò sì súre fún wọn. Gbólóhùn kan ló sọ: "Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o lọ, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni kí o máa jẹ́ níbẹ̀."

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Obìnrin tó bá mọ eré ṣe, ọ̀gá á sọ ọ́ di ìyàwó, kí ó má baà bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Ìyàwó Ṣódìmú ti pé mẹ́ta nígbà tí ó rán ìyálé rẹ̀ sí Màmá ní ọdún 1974. Èsì tí Màmá fi rán an padà ni pé: "Ẹ bá mi kí Ọ̀gá, ìyá mi. Ẹ ní iṣẹ́ ni mo wá ṣe, n kò wá kún yín." Ìyálé náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ Katikíìsì, ìwọ lo gbọ́n."

Ní ọdún 1980 ni Ṣódìmú ṣe fíìmù rẹ̀ kan ṣoṣo, *Àmù Ìyálé*. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe ìyálé inú rẹ̀. Màmá ló ṣe é. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti fọ fíìmù náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tẹ orúkọ àwọn òṣèré sí ìparí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ṣódìmú ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́. Màmá kò rí i títí di ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a fi í han gbogbo ènìyàn, nínú gbọ̀ngàn ìlú ní Ìṣẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí orúkọ jáde lára aṣọ funfun: Tabitha Ṣódìmú.

Màmá kò fẹ́ ọkùnrin náà rí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró níwájú aṣọ náà, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ń ta sí wọn lójú, wọ́n ní: "Irọ́ ni! Tabitha Ọdẹ́yalé ni mo ń jẹ́, ọmọ Josiah Ọdẹ́yalé ní Ìlaròó. N kò ní ọkọ níbí!"

Àwọn ará Ìṣẹ́yìn rò pé ara eré ni. Wọ́n ń kígbe pé, "Ìyálé, tún un ṣe!"

Màmá tún un ṣe. Ẹyọ fíìmù kan ṣoṣo ló wà, ẹgbẹ́ ló sì ń gbé e kiri. Ibi tí fíìmù bá dé, Màmá á dé ibẹ̀, wọ́n á sì dìde. Ìlú mọ́kànlá ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìlú kẹta, ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀rọ dúró tí orúkọ náà bá ti jáde, á sì tan iná gbọ̀ngàn, kí Màmá lè ráyè sọ tiwọn. Israel Tàlàbí ni ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n dé Òṣogbo, Ṣódìmú lé àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ọdún méjì ni ìyá Israel fi kọ Màmá. Wọ́n ti wo fíìmù náà ní Ṣàgámù, wọ́n sì gba ohun tí wọ́n kà gbọ́: "Ọmọ tèmi kò ní gba ìyàwó oníyàwó." Israel, bàbá wa, dá wọn lóhùn: "Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, Ìyá mi. Mo mọ ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀." Ìgbéyàwó wáyé ní Ìlaròó ní ọdún 1983. Katikíìsì ló fa Màmá lé ọkọ lọ́wọ́. Orúkọ méjì péré ni Màmá gbà láyé: èyí tí bàbá wọn fún wọn, àti èyí tí wọ́n fúnra wọn yàn.

Láàrin ọdún 1984 sí 1991, Màmá ṣe fíìmù mẹ́rin mìíràn. Kí wọ́n tó gba iṣẹ́, wọ́n á kọ orúkọ wọn sínú ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà, wọ́n á ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Àwọn ọ̀gá kan pè wọ́n ní alágídí, iṣẹ́ sì dáwọ́ dúró. A kò ní sọ pé kò dùn wọ́n. Ó dùn wọ́n.

Bàbá wa kú ní ọdún 1999. Ní 2006, Màmá wá bá Dára, àkọ́bí wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní Harpurhey níbí, ní ìlú òyìnbó. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi tọ́jú àwọn arúgbó ní Salford. Báàjì tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn níbẹ̀, "Tabby" ni wọ́n kọ sí i. Màmá dá a padà kí wọ́n tó bọ́ kóòtù lọ́rùn.

Nínú ìjọ yìí, Màmá ló ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, wọn kì í sì í jẹ́ kí akọ̀wé kankan gé orúkọ ẹnikẹ́ni kúrú. Nígbà kan, a ní kí wọ́n wá jẹ́rìí bí Olúwa ṣe yọ wọ́n kúrò nínú tíátà. Wọ́n jáde. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún tíátà, wọ́n sì padà lọ jókòó.

Ní ọdún 2018, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí *Àmù Ìyálé* lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pe Màmá wá wò ó ní Hulme. Nígbà tí orúkọ jáde, Màmá fi ọ̀pá dìde, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ ní Ìṣẹ́yìn. Ayọ̀bámi, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, dá fíìmù dúró, ó ní: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Àwọn ará ẹ̀yìn ò gbọ́." Màmá sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé. Wọ́n ní bí Israel ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Màmá sùn nínú Olúwa nílé wọn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2025. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ẹni ire kan fi ṣe pósítà ìsìnkú ránṣẹ́ káàkiri, wọ́n kọ "Mama Tabitha Ṣódìmú" sí i. Wọ́n ní orúkọ tí ayé mọ̀ nìyẹn, kí a fi í sílẹ̀. A kò fi í sílẹ̀.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Dára, Ṣẹ̀san àti Ìtẹ́olúwa, ọmọ wọn. Olúwatúnmiṣe, Ayọ̀mikún àti Olúwagbénga ni ọmọ ọmọ wọn.

Lẹ́yìn ìwàásù, a ó fi ìparí *Àmù Ìyálé* hàn nínú ilé ìsìn yìí. Ṣẹ̀san, ọmọ Israel, ni yóò wà nídìí ẹ̀rọ. Orúkọ kan yóò jáde. Ṣẹ̀san yóò dá ẹ̀rọ dúró, yóò sì tan iná. Màmá kò lè dìde mọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ dìde, kí ẹ sọ tiwọn fún wọn, kí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́.

Tabitha Fọlákẹ́, ọmọ Ọdẹ́yalé, aya Tàlàbí, iṣẹ́ parí. Ẹ sùn re o.