Ta Ló Kọ́kọ́ Rí Agbo Ìràwọ̀ Náà?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Inú ń bí mi. Agbo ìràwọ̀ tí ọmọ ọmọ mi, Ojú Àṣá, rí nínú àwòrán ojú ọ̀run níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti dénú ìwé ìròyìn. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kí èèyàn tó dáyé. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ kan dábùú àárín rẹ̀, apá méjì sì ká láti ẹnu ọ̀pá náà bí ìrù alágẹmọ.

Mo fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí tíṣà ṣe kọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni mo bá. Onítáì yẹn! Òun ló ní ìdọ̀tí ojú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀run ni, kí ọmọ mi pa á rẹ́. Ojú Àṣá ò pa á rẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Bàbá télọ̀ tó ń jókòó tì mí ní kíláàsì ní, "Ìyá Oníràwọ̀, orúkọ ọmọ yín ńkọ́? Àbí ìràwọ̀ ti gbé e mì?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló rán mi ní fífọ́nnu?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo ní kí Ojú Àṣá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ń lọ aṣọ. Kò gbójú sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Wọ́n ṣílẹ̀kùn ibi iṣẹ́ wọn fún ará ìlú. Onítáì ń ṣàlàyé àwòrán — bí ẹni tó bí i. Mo nawọ́ sókè. Mo ní ta ló kọ́kọ́ rí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Ojú Àṣá dá màmá lóhùn.

"Ọ̀gá mi ni, Màmá."

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
N ò bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó ní àdéhùn iṣẹ́ òun máa parí lóṣù tó ń bọ̀. Àfi kí Onítáì fọwọ́ sí i kó tó lè máa bá a lọ. Ó ní òun ṣì fẹ́ máa wo ọ̀run. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi panu mọ́."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Télọ̀ tún béèrè: ta gan-an ló rí i? Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Mo ní ọ̀gá rẹ̀ ni.

Ẹnu mi ló parọ́ yẹn. Ọwọ́ mi ò ní bá a pa á nínú ìwé yìí — ọwọ́ tó darúgbó kó tó kọ́ ìwé. Ojú Àṣá ló rí i. Ojú Àṣá. Ọmọ ọmọ mi.