Orin Tí Ẹ Jẹ Ọkọ Mi

Olóòtú ètò orin wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí ní erékùṣù Savaii níbí, n kò sì fẹ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa fi orin ìgbéyàwó wa sí i. Ẹ gbé e sáfẹ́fẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀yìn sípíkà ni mo wà, mo ń tún wáyà so, nítorí ohùn rẹ̀ kì í fìgbà kan tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Sina, wá jókòó. Èmi lo fẹ́ ni, àbí sípíkà?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá Sina. Ó ku díẹ̀."

Bí mo ṣe so ó tán ni wọ́n fun ìkarahun òkun tí wọ́n fi ń pe gbogbo abúlé sí àdúrà ìrọ̀lẹ́, kálukú sì pa rédíò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ mìíràn. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí a sin ín síwájú ilé.

Mo ti kọjú sípíkà náà sí sàréè rẹ̀, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti fi orin náà sí i rí. Orin tí a kò gbọ́, gbèsè ni. Ẹ san án lọ́la, kí ìkarahun tó dún.