Bí Ọkọ̀ Wa Ṣe Gbójú Sókè Ní Ìrókò

Ammar ọmọ mi, àsàláámù àléékúmù. Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, mo sì kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá ọ ka lẹ́tà yìí ní Àbújá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rere tí o fi kúrò nílé ni wàá fi padà wọlé, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún ránṣẹ́ pè ọ́. Gbogbo wa ní Ìrókò wà láàyè, ìyá rẹ ń kí ọ, àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Má jáyà pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù tí o rà fún mi ti bọ́ sódò, ọkọ̀ ló sì fà á.

O mọ àpáta tó wà lójú odò bí a bá ń lọ sí Mọ́níyà. Ọkọ̀ wa ti darúgbó, iwájú rẹ̀ ti sọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, a kì í sì í kọjá níbẹ̀ kí ikùn rẹ̀ má ha àpáta náà. Bó bá ti ha báyìí, Hasanat ìyàwó rẹ á di oyún rẹ̀ mú, ìyá rẹ á pariwo, èmi á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì àti lọ́wọ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì Gbọ́njúbọ́lá tó ń tọ́jú Hasanat ní ilé ìwòsàn Mọ́níyà wá sọ fún mi pé Bàbá, oyún yìí ti sún mọ́ ilé o, bí ọkọ̀ yín bá tún fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ má fi gbé e wá mọ́.

Ìgbà tí mo pè ọ́, o béèrè bóyá ṣọ́ọ̀kù iwájú ọkọ̀ ló ti kú. Mo bọ́ bàtà, mo fọwọ́ kan gbogbo iwájú náà, kò gbé mi rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi dá ọ lóhùn pé ọkọ̀ wa kò ní iná lára. O wá fi fídíò òyìnbó kan ránṣẹ́, tó ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Mo kí òyìnbó náà, kò dáhùn. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi kí i, bóyá obìnrin ni yóò dá lóhùn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá lọ. Ẹni tí kò mọ ìkíni, kí ni mo fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀?

Mo bá ké sí Olúmúyìwá mẹkáníìkì. Ó ní sípíríńgì tuntun wọ́n, àmọ́ òun lè gé táyà gbígbó, kí òun há a sáàárín sípíríńgì, ẹyọ kan lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì. Ó ṣe é, iwájú sì gbéra níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n bó ṣe lọ sí ìsọjí ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo rò ó pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà gbígbó wà lẹ́yìnkùlé, ọ̀fẹ́ ni. Mo há a kún un títí sípíríńgì fi yó, ibi tí táyà kò dé, mo fi igi dí i. Nígbà tí mo tú jáàkì, ọkọ̀ kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ó gbójú sókè bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀. Mo jókòó sídìí sítíárì, ojú sánmà nìkan ni mo ń rí.

O ti sọ fún mi pé ohun kan wà nínú fóònù tó máa ń sọ bí nǹkan bá tẹ́jú. Mo gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó wo ọkọ̀ dáadáa, mo ní fóònù, sọ tinú rẹ. Kò fèsì. Mo fi í síbẹ̀ kó máa rò ó.

Olúmúyìwá dé, ó káwọ́ lérí. Ó ní Bàbá, ẹ tú u, bí ẹ ò bá sì tú u, ẹ lọ ṣe àláìnmẹ́ǹtì fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rò pé àdúà ni, torí ó jọ èdè Lárúbáwá. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Lèmọ́mù lọ. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní àwọn kò tíì bá a pàdé nínú kéwú, ṣùgbọ́n àdúà kì í pọ̀ jù, wọ́n sì wá ṣe é lé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí.

A ń ṣe àmín lọ́wọ́ ni ìyá rẹ sáré dé pé Hasanat ti ń rọbí. Ọjọ́ ọjà ni, kò sí ọkọ̀ míràn nílé. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá rẹ wọlé tì í, mo ní mi ò rí ọ̀nà. Olúmúyìwá ní àfi kí ẹni tó wúwo jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí imú ọkọ̀ lè wálẹ̀. Gbogbo wa wo Lèmọ́mù. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti wé láwàní, àwọn kò gun irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Hasanat ké lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gùn ún. Olúmúyìwá jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan ń ké Halelúyà, èkejì ń ké Láìláhà, ẹ̀yìn wọn ló wá dí mi lójú báyìí, ọwọ́ tí wọ́n bá nà ni mo ń bá yà.

A dé odò ni Olúmúyìwá rántí pé bí imú bá ti wálẹ̀, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà la padà sí, ikùn ọkọ̀ á tún ha àpáta. Wọ́n fò sínú omi, fóònù tẹ̀lé wọn. Imú ọkọ̀ dìde fùú, Hasanat fẹ̀yìn lélẹ̀, ìjókòó gbà á mọ́ra. Wọ́n ń kígbe láti inú omi pé kí n máa bọ̀. Mo ń bọ̀, mi ò mọ ibi tí mò ń bọ̀. Ammar, a kọjá lórí àpáta náà, kò tilẹ̀ kàn wá. Omi bọ́ lójú mi.

A kò tíì gun òkè tán nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹnìkan tí kò bá wa wọkọ̀. Ìyá rẹ ló gbà á. Obìnrin ni, ó jọ ọ́ níwájú orí. Nọ́ọ̀sì yẹ ìyá àti ọmọ wò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ní ara wọn le, ó ní bẹ́ẹ̀dì àwọn pàápàá kò rọgbọ tó ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá mi. Àwọn aboyún ti wá ń tò wá sílé wa láti fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀, wọn ò jẹ́ kí n yọ táyà kankan kúrò, ìyá rẹ sì ti ta kọ́tìnnì sí fèrèsé ọkọ̀.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra kẹ̀kẹ́ tí n ó máa gùn lọ sóko, kí o sì fi ti ìkómọ kún un. Hasanat ní òun kò bínú pé o ò sí nílé, ṣùgbọ́n kí o má pẹ́ o. Ọlọ́run yóò gbé orí rẹ sókè, yóò sì gbé e mọ níwọ̀n tí wàá fi máa rí ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lìádì.