Lẹ́tà Tí Mo Bá Bàbá Jọmílójú Kọ

                                        Ilé Kọkàndínlógún,
                                        Òpópónà Oyèwọlé,
                                        Mushin, Èkó.
                                        17 Oṣù Kọkànlá, 1991.

Motúnráyọ̀, Ìyá Ẹ̀bùn, ọ̀rẹ́ tó ju ìbátan lọ,

Ṣé dáadáa lo wà níbẹ̀ ní Ìlọrin? Bàbá Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n níjọ́sí, ṣé ó ti fúyẹ́? Ẹ̀bùn fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín ẹ̀ ti ń yọ, àbí itọ́ ló ṣì ń da sí aṣọ rẹ? Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́, ẹ sì kú ìmúra ọyẹ́. Níbí, Jọmílójú wà, a dúpẹ́. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ikọ́ díẹ̀ ló ń wú, kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti wúkọ́ báyìí ni àyà mi ń já. Láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti lọ, mo ti di ẹni tí ń gbé ọwọ́ lé ọmọ níwájú orí nígbà mẹ́wàá lójúmọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì gbà. Má bínú pé mi ò tètè dáhùn. O ní kí n sọ bí nǹkan ṣe rí gan-an, kí n má kọ "a dúpẹ́" lásán ránṣẹ́. Ó dára, jẹ́ kí n sọ ọ́. Tí o bá kà á tán, o lè bínú sí mi, mi ò ní dá ọ lẹ́bi.

O mọ̀ pé ó ń lọ sí oṣù mẹ́ta báyìí tí Ọládèjì ti kú. Ohun tí o ò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣíà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, iléeṣẹ́ ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú fún àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ṣíà, pé kí àwọn náà ní ìpín nínú iléeṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ló kan Ọládèjì. Ṣùgbọ́n wọn ò fi lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá tún ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún gbáko kí ó tó di tirẹ̀. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ kí ọdún náà tó pé, ó ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn. Ọládèjì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Adìyẹ mi wà lábẹ́ agbọ̀n ọ̀gá. Mò ń gbọ́ tó ń kọ, mi ò lè pa á jẹ." Nígbà tí a bí Jọmílójú, ó ní ti ọmọ náà ni, pé òun ló máa fi lọ sí iléèwé tí àwọn ọmọ ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ó fi ọ̀dà pupa kọ oṣù àti ọdún tó máa pé sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa. Ìyá onílé bínú títí.

Ní oṣù keje ọdún yìí ni ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní kíndìnrín ni. Ọsibítù ní kí a san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó le. Motúnráyọ̀, níbo ni a ti fẹ́ rí i? Mo ti ta aṣọ òkè ìgbéyàwó mi ní ọjà Tejúoṣó, kò tó fi ra oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà náà ni Síkírù wá kí wa. Òun àti Ọládèjì ni wọ́n jọ ń po ọ̀dà. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní, "Ìyàwó wa, tí ẹ bá béèrè ẹ̀yáwó, oṣù mẹ́ta lẹ máa fi dúró. Ẹ kọ̀wé pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré lowó àjẹmọ́nú ẹ̀ máa fi jáde. Tí ara ẹ̀ bá yá, a ó lọ bẹ ọ̀gá, wọ́n á gbà á padà. Bí wọ́n ṣe ṣe fún máígádì wa nìyẹn." Síkírù ò gbèrò ibi. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀ rí.

Èmi náà ò sì lè sọ pé mo gbàgbé ṣíà. Mo rántí. Mo kàn sọ fún ara mi pé ẹni tó bá wà láàyè ló ń jẹ ṣíà.

Mo jókòó sí orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo bá a kọ ìwé náà. O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń bá gbogbo yín kọ lẹ́tà ní iléèwé. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara kọ ọ́. Ọládèjì fọwọ́ sí i, èmi fúnra mi ni mo sì gbé e lọ sí Ìlúpéjú ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ó kú. Owó àjẹmọ́nú jáde ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìsìnkú. Gbèsè ọsibítù ló gbé e lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n Ọládèjì tó ń dáko kajú, o rí wọn níbi ìkómọ. Wọ́n ní ọdún ṣíà àbúrò àwọn ti pé, kí a lọ gbà á fún ọmọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Akọ̀wé ìṣirò owó tó dá wa lóhùn ń jẹ́ Gbádé. Ó ní ọ̀gbẹ́ni náà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún tó pé, ṣíà ti padà sọ́dọ̀ iléeṣẹ́. Inú bí Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Ta ló kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Ikú ló mú un lọ. Ṣé ẹni tó kú náà ni ẹ̀ ń pè ní ìsáǹsá?" Ojú mi ni Gbádé ń wò. Mo gbé ojú sílẹ̀. Bí a ṣe ń jáde ni Ẹ̀gbọ́n ń búra pé lọ́yà ló máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dá nìkan padà síbẹ̀. Gbádé ní, "Madam, ẹ jókòó." Ó gbé ìwé ńlá kan wá, ó ṣí i síbi orúkọ ọkọ mi. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ṣíà náà, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ẹnikẹ́ni ò gbé owó náà fún un, ṣùgbọ́n nínú ìwé wọn, ìnáwó ni, torí pé iṣẹ́ tó máa ṣe ní ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń san. Wọ́n wá pín in sọ́nà márùn-ún. Gbogbo oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n bá ń pa ìwé ọdún dé, wọ́n á ro ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà mọ́ owó iṣẹ́ ẹ̀. Bí ṣíà náà tilẹ̀ ti wọ́n sí i lọ́jà, iye ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Mo ní, "Ṣé ó ti ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́rin nínú ẹ̀ tán nìyẹn?"

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti kọ ọ́, madam."

"Kí ló wá pa á rẹ́?"

Ó ṣí ojú ìwé kejì. Yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ ẹgbẹ̀rún méjì náírà síbẹ̀, pé ó padà wọlé. Ó ní ẹni tó bá fúnra ẹ̀ lọ, wọ́n á ṣe é bí ẹni tí wọn ò fún ní nǹkan kan rí, gbogbo ìnáwó tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lórí ẹ̀ á sì di èrè padà. Motúnráyọ̀, ọdún mẹ́rin tí ọkọ mi fi ń fa òórùn ọ̀dà símú, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá a padà.

Mo bi í pé àwọn ọ̀gá ńlá ńkọ́, ṣé bákan náà ni tiwọn? Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. Ó ní tiwọn kì í ṣe ṣíà gan-an. Àṣẹ ni wọ́n fún wọn, pé títí ọdún mẹ́wàá, ìgbàkígbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n máa ra ṣíà ní iye tó jẹ́ ní 1986. Ìyẹn ò sì wọ inú ìwé ìnáwó rárá, torí pé lọ́jọ́ tí wọ́n fún wọn, iye tí wọ́n máa rà á àti iye ọjà dọ́gba.

Mo ní, "Iye ẹ̀ lọ́jà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta báyìí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Madam, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Èmi náà ń jẹun níbí."

Mo wá bi í ní ohun tó gbé mi wá. Mo ní tí ọkọ mi ò bá kọ̀wé ńkọ́? Ó ní kí n má bi òun. Mo ní kó ṣàánú mi. Ó wá sọ pé ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í ka ọdún fún un mọ́, gbogbo ṣíà ẹ̀ ló ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá péré ló wà láàárín ìwé náà àti ikú ẹ̀, Motúnráyọ̀. Ká ní mo kàn jókòó ti ọkọ mi, tí mi ò ṣe nǹkan kan. Gbádé yọ ẹ̀dà lẹ́tà náà nínú dúrọ́ọ̀, ó nà án sí mi. Ó ní, "Mi ò fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n yín níjọ́sí. Ọ̀rọ̀ ilé yín ni."

Mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ ọmọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ mi ń ṣépè fún àwọn iléeṣẹ́ náà lójoojúmọ́, mo ń ṣe àmín. Ó burú, mo mọ̀.

Sátidé tó kọjá ni Ẹ̀gbọ́n tún dé, wọ́n gbé iṣu wá fún wa. Inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn ti rí lọ́yà kan ní Yaba, àwọn sì ti rí ẹni tó máa ra oko kajú, pé ọjọ́ Ajé ló máa san owó. Wọ́n ní, "Ìyàwó, fọkàn balẹ̀. Oko ò tó ọmọ." Oko yẹn ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ márùn-ún, Motúnráyọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀, mo sì mú ìwé náà jáde.

Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí n kà á ní Yorùbá. Mo kà á pé èmi Ọládèjì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti òní lọ nítorí àìlera, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fún oore tí wọ́n ṣe mí. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i?"

Mi ò lè purọ́. Mo ní rárá. Ojú ẹ̀ ti wú débi pé kò lè kàwé. Mo ní kí n kà á fún un. Ó ní, "Kíkẹ́, ṣé ìwọ lo kọ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n fi bírò sí òun lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ò bú mi. Mo retí kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní àwọn á lọ dá ẹni tó fẹ́ ra oko náà dúró, pé kí n má sọ fún Màmá, àwọn ló máa sọ ọ́ bí wọ́n á ṣe lè gbà á. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé sílẹ̀. Wọ́n gbé Jọmílójú lé èjìká, wọ́n lọ ra búrẹ́dì fún un, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n sì gba gáréèjì lọ.

Bá mi kí Bàbá Ẹ̀bùn, fi ẹnu kan Ẹ̀bùn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi, kí o sì bá mi kí Evelyn, ọ̀rẹ́ wa iléèwé, tó o bá rí i. Tó o bá fẹ́ dáhùn, sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, má pọ́n mi lé. Ìyá onílé ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ọmọ òun ní Kàdúná láná, mo ní ọwọ́ ń dùn mí. Èyí tí o ń kà yìí ni àkọ́kọ́ tí mo kọ láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
                                        Kíkẹ́, Ìyá Jọmílójú.