Atẹ́gùn Tí Mo Fi Rán Jàbárù sí Durumi

Ìkirè,
Oṣù Kejìlá, 2016.

Ajíbọ́lá Àlàó, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé Olúwa ń ṣọ́ yín ní Àbújá níbẹ̀? Àwa wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, akọ ni méjèèjì, ọyẹ́ sì ti gba gbogbo ilé.

Àlàó, díẹ̀ ló kù kí o pa mí! Nígbà tí Jàbárù onímọ́tò ti ọ̀dọ̀ yín dé, tó ní ìgò gáàsì jórinjórin kan bú gbàù ní Durumi níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ wà, tó sì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù lọ, mo figbe ta. Mo jókòó pẹlẹbẹ sẹ́nu ọ̀nà. Sàlímọ́tù aládùúgbò wa ló fi fóònù tirẹ̀ pè ọ́. Bí mo ṣe gbóhùn rẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run, mi ò rántí bá ọ sọ̀rọ̀ títí owó orí fóònù fi tán. Ìgbà tí o pè padà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni, pé kò sẹ́ni tó kú, pé ìwọ ti ta ìgò gáàsì tìrẹ, o ti ra ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná àti atẹ́gùn gé irin. Háà, ara tù mí! Mo jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún bù sí i.

O ní oríṣi ẹ̀rọ náà méjì lo rí lọ́jà, ọ̀kan ń fẹ́ atẹ́gùn fúnra rẹ̀, èkejì ń fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, o sì mú èkejì torí ó lè gé irin tó nípọn tó ìka. Ó dáa. Àmọ́ ìka ta ni? Ṣé ìka bàbá rẹ tó ti ń ro oko láti kékeré ni àbí ìka akọ̀wé? Ó yẹ kí o ti béèrè.

Ohun tó dùn mí ni pé o ní atẹ́gùn ibẹ̀ lómi nínú, omi yẹn ló ń ba ẹnu ẹ̀rọ náà jẹ́ tí o fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ṣáá. Omi nínú atẹ́gùn! Ta ló ń ta irú rẹ̀ fún ọmọ mi? A ò ṣáà ṣaláìní atẹ́gùn nílé. Mo kó tiúbù lọ bá Babátọ́pẹ́ tó ń lẹ táyà, láàárọ̀ ọyẹ́ tí ètè gbogbo wa là, mo ní kó pọ́ǹpù wọn kí wọ́n kún. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó máa rín in lọ, kó ṣáà máa pọ́ǹpù. Jàbárù ń kó wọn bọ̀. Ọyẹ́ gidi ni, kò sí omi kankan níbẹ̀. Má pín in fáwọn ará ṣọ́ọ̀bù o. Bí o bá lò ó tán, dá tiúbù padà, ti kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ oko báyìí.

Jọ̀ọ́, má ṣe bọ́ gíláàsì dúdú yẹn lójú bí o bá ń gé irin.

Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá. Mo gbà pé o wà láàyè, mo gbóhùn rẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì kàn ọ́.

Iná tó ń gé irin kò ní mọ ara rẹ. Ojú mi kò ní rí ibi rẹ. Ìwọ ni wàá sin mí, Àlàó, èmi kò ní sin ọ́. Ṣe àmín kí o tó tan ẹ̀rọ náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹfúnróyè.